Ẹ̀KỌ́ KẸTA: ÌDÁJỌ́ ÒDODO NÍNÚ IṢẸ́ ÌJỌ

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Ámósì 5:21-24, 8:4-6, Lúùkù 4:16-21
ÀKỌ́SÓRÍ: Míkà 6:8
ÈTE Ẹ̀KỌ́: Kí a lè mọ̀ pé gbígba ẹni tí a ń rẹ́ jẹ sílẹ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ tí Olúwa rán wa.

ÀLÀYÉ

1. Ọlọ́run ń wo ọjà. Àwọn ènìyàn ìgbà Ámósì ń rúbọ, wọ́n sì ń kọrin. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wọn kéré, wọ́n sì ń fi owó ra tálákà. Nítorí náà ni Ọlọ́run fi kọ orin wọn.
Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti wà nítòsí Ìkòyí wa yìí. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, pé ní ọjà Apòmù ni a ti ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé tà. Ọ̀ràn yìí wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu.

2. Ìjọ lè máa wàásù, kí ó sì ṣìnà. Ní 1845, àwọn Onítẹ̀bọmi ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ya kúrò lára àwọn arákùnrin wọn, nítorí pé àwọn yẹn kọ̀ láti rán ẹni tí ó ní ẹrú lọ ṣe míṣọ́nnárì. Àwọn ni ó rán Thomas Bowen wá, tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850. A dúpẹ́ fún Ìhìnrere tí ó mú wá. Síbẹ̀, ó di 1995 kí ìjọ wọn tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà, tí wọ́n sì tọrọ ìdáríjì.

3. Jésù kò pín iṣẹ́ rẹ̀ sí méjì. Ní Násárétì, ó ka ìwàásù fún òtòṣì àti ìdásílẹ̀ fún ẹni tí a ni lára pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan, tí ó fi èkejì sílẹ̀, ààbọ̀ iṣẹ́ ni ó jẹ́.

ÌLÒ Ẹ̀KỌ́
Ọjà ẹrú ti tú. Ṣùgbọ́n kọ́ńgò tí a tẹ̀ nídìí ńkọ́? Alágbàṣe tí ó bá wa kórè kòkó, tí a kò sanwó fún ńkọ́? Opó tí a lé kúrò nínú oko ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń kiri omi nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìwé ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń dáwó jù níbi ìkórè ni ó ṣe é, ǹjẹ́ ẹnu wa yóò gbà á sọ?

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Kí ni ó mú kí Ọlọ́run kọ orin Ísírẹ́lì?
2. Ta ni a ń rẹ́ jẹ ní àdúgbò wa, tí ìjọ wa kò tí ì sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀?
3. Kí ni kíláàsì yìí yóò ṣe kí Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé?