Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ìgbín Òkun Aláràbarà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí ìrìn àjò bá gbé dé etíkun Ọsirélíà, Filipíìnì tàbí erékùṣù kan lórí Òkun Pàsífíìkì, kó fetí sí mi dáadáa. Bí ẹ bá rí ìgbín òkun tí ìkarahun rẹ̀ fẹ̀ lápá kan, tó ṣe ṣóńṣó lápá kejì, tí àmì ara rẹ̀ dà bí àdìrẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìgbín tiwa nílé, ẹ̀rọ̀ ni, ewé ló ń jẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Conus geographus, ẹja ló ń pa jẹ. Kò lè sáré, ọgbọ́n ló ń lò. Lóru, tí ẹja bá sùn sí pàlàpálá òkúta, á rọra yọ sí wọn, á la ẹnu gbàràmù, á sì da oró tí ínsúlìn wà nínú rẹ̀ sómi. Ṣúgà ara ẹja á já wálẹ̀, ara rẹ̀ á rọ pẹ̀sẹ̀. Ìgbà náà ni yóò wá fi eyín kan tó ní ihò nínú, tó sì ní ìwọ̀ lẹ́nu, gún un.

Eyín yìí náà ló ń gún èèyàn. Lọ́dún 1935, ní erékùṣù Hayman ní Queensland, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 27 kan gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi ọ̀bẹ ha ìkarahun rẹ̀. Ìgbín ta á. Kò tiẹ̀ dùn ún lọ títí. Ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kú tipiri, ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọjọ́ náà ló kú.

Ẹ má sọ pé ẹ ó mú un níbi tó fẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń nà dé ibi púpọ̀ lára ìkarahun. Bó bá ta yín, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ forí lé kíá. Kò sí abẹ́rẹ́ tó ń pa oró rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń bá ni mí ni dókítà fi ń gba ẹ̀mí là títí agbára oró á fi tán.

N kò ní kẹ́ ẹ kórìíra rẹ̀ o. Lára oró ìbátan rẹ̀, Conus magus, ni wọ́n ti wo àpẹẹrẹ ziconotide, oògùn ìrora tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2004 fún ìrora tó le gan-an. Michael McIntosh, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, ló tú oró náà wò ní yàrá ìwádìí Baldomero Olivera, ọmọ Filipíìnì, ní Yunifásítì Utah. Ọmọdé bíi yín ni nígbà náà. Ẹni tí ìgbín yìí bá wù láti mọ̀, irú yàrá ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni kó lọ. Ẹ̀yin yòókù, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa bá tiyín lọ.