Ẹ Béèrè Páàtì Kí Ẹ Tó Béèrè Iye Owó

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òwe yìí kì í jìnnà sí ẹnu aṣojú ilé-iṣẹ́ katakata tó bá ti rí i pé iye tó dá lé ọjà rẹ̀ mú kí àgbẹ̀ fajú ro. Ẹni tó kó katakata olówó pọ́ọ́kú wọlé láti Ṣáínà tàbí Íńdíà náà ní òwe tirẹ̀ lápò: ọ̀nà kan ò wọjà. Òwe méjèèjì dára, òótọ́ sì ni wọ́n. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sí èyí tó dáhùn ìbéèrè tó yẹ kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ béèrè: lọ́jọ́ tí nǹkan yìí bá dákẹ́ sínú oko, ta ni yóò wá, kí ni yóò sì mú dání?

Ẹ jẹ́ ká fi Òkè-Ògùn ṣe àpẹẹrẹ, láti Ìsẹ́yìn lọ dé Ṣakí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ rẹrẹ fún àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti iṣu. Kí òjò tó dúró dáadáa, ilẹ̀ le, kò gba irin. Tí òjò bá sì pọ̀ jù, táyà á máa yọ̀, katakata á rì. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kò gùn, gbogbo àgbẹ̀ ló sì ń wá katakata lásìkò kan náà. Ẹni tó ní tirẹ̀ yóò túlẹ̀ ara rẹ̀ tán, yóò wá máa túlẹ̀ fáwọn ará àdúgbò gbowó. Owó yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ fi ń san gbèsè tí wọ́n jẹ lórí katakata. Bó bá wá bàjẹ́ nínú oṣù karùn-ún, tó jẹ́ pé ojú omi ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ yóò ti máa bọ̀, àdánù náà ju owó kílọ́ọ̀ṣì lọ. Owó ìtúlẹ̀ àdúgbò ti lọ. Àgbàdo onílé ti pẹ́ kí wọ́n tó gbìn ín. Awakọ̀ ń gbowó oṣù lórí ìjókòó. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ ó rí i pé ọdún kan ṣoṣo lè jẹ owó tí ẹ rò pé ẹ fi pa mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ rà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1916, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Wilmot Crozier ra katakata tí wọ́n kọ Ford sí lára. Ta ni kò mọ Henry Ford nígbà yẹn? Ṣùgbọ́n Ford yìí kọ́ ni Ford yẹn. Ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Minneapolis ló wá ẹnì kan tó ń jẹ́ Ford kàn, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ ta ọjà wọn. Katakata náà kò ṣe nǹkan kan tó nítumọ̀. Crozier tún ra òmíràn tí wọ́n ń pè ní Bull, ìyẹn náà kò sàn. Ìgbà tó ra Rumely ló tó rí èyí tó ṣe ju ohun tí ẹni tó tà á sọ lọ. Ọkùnrin yìí kò jókòó sílé máa ṣépè. Ó díje, ó wọ ilé aṣòfin, nígbà tó sì di 1919, òun àti Charles Warner, aṣòfin bíi tirẹ̀, ti mú òfin kan jáde: irú katakata tí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà kò bá tíì dán wò, tí wọn kò tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ariwo tí ilé-iṣẹ́ náà ń pa lórí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ di títà ní Nebraska. Waterloo Boy ló kọ́kọ́ yege, lọ́dún 1920.

Ìdánwò yìí ni àwọn ènìyàn máa ń rántí. Apá kejì òfin náà ló wù mí jù. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ tajà ní Nebraska gbọ́dọ̀ ní ibi ìtúnṣe àti páàtì tó tó, nínú ìpínlẹ̀ náà gan-an. Ojú àwọn àgbẹ̀ yẹn ti rí nǹkan. Wọ́n mọ̀ pé katakata tó yege ìdánwò tí kò ní páàtì nítòsí, irin lásán ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, NCAM, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀rọ oko, wà ní Ìdófìàn nítòsí Ìlọrin, wọ́n sì máa ń dán katakata wò níbẹ̀. Ẹ bi ọlọ́jà bóyá irú èyí tó fẹ́ tà fún yín ti débẹ̀, kí ẹ sì ní kó mú ìwé rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ní ti páàtì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣòfin.

Ìgbà ara là ń búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ìlérí oṣù kìíní kò nira fún ọlọ́jà kankan. Oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà ni kí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún tó ń bọ̀ lẹ fẹ́ ra nǹkan. Ẹ jókòó, ẹ máa wo àwọn tó wá ra páàtì: ta ló rí ohun tó wá wá, ta ló ń padà lọ́wọ́ òfo? Ẹ má béèrè pé, “Ṣé ẹ ní páàtì?” Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé òun kò ní. Ẹ ní kó gbé àwo kílọ́ọ̀ṣì jáde kí ẹ fojú rí i. Kó gbé pọ́ńpù haidrọ́líìkì, fílítà ọ́ìlì, fílítà dísẹ́ẹ̀lì àti nọ́sù. Èyíkéyìí tó bá ní ó wà lọ́nà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí.

Kì í kúkú ṣe gbogbo páàtì ló yẹ kó já yín láyà. Nọ́ńbà kan náà ni gbogbo ayé ń lò fún bíárìn: 6205 tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà àti 6205 tí wọ́n ṣe ní Jámánì, ihò wọn jẹ́ mìlímítà 25, ìta wọn jẹ́ 52, ẹ ó sì rí i rà ní Ladipọ̀ ní Èkó tàbí ní Géètì ní Ìbàdàn. Síìlì ọ́ìlì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bátìrì kò bìkítà nípa ẹni tó ṣe katakata. Ohun tó lè dá iṣẹ́ dúró fún oṣù mẹ́ta ni jíà, pọ́ńpù dísẹ́ẹ̀lì, orí ẹ́ńjìnnì, àti àwọn nǹkan wínníwínní tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe wọ́n. Nítorí náà, ẹ wádìí irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú katakata olówó pọ́ọ́kú yẹn. Tó bá jẹ́ èyí tí mẹkáníìkì yín ti tú palẹ̀ rí, tó sì tò ó padà tó ṣiṣẹ́, ẹ̀rù ti dín kù.

Ìdí nìyẹn tí Massey Ferguson fi ṣì gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. MF 375 tí wọ́n ń ṣe ní Lahore ní Pakistan kì í ṣe ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ẹ́ńjìnnì Perkins onísílíńdà mẹ́rin rẹ̀, ìran tó jáde láwọn ọdún 1960 ló ti wá. Kò lẹ́wà, kò ní kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀ pọ̀, èyí tó ti kú lóko ẹnì kan sì lè yá tiyín ní jíà. Ní tèmi o, katakata tó pọ̀ jù ládùúgbò yín ni ẹ ní aṣojú fún, yálà ẹnikẹ́ni gbé pátákó síta tàbí kò gbé e.

Pátákó nìkan kò tó nǹkan. Àwọn aṣojú kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fi kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́, tí wọ́n ya fọ́tò tán, ó di gbéré. Irú wọn ń gba owó ọbẹ̀ dídùn lórí omi gbígbóná. Kí ẹ tó sanwó fún wáráńtì, ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ mẹkáníìkì láti Ìbàdàn dé oko yín, àti iye ọjọ́ tí yóò fi dé. Kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ara katakata pẹ̀lú. Họ́ọ̀sìpáwà tí wọ́n kọ sí i lára, ti ẹ́ńjìnnì ni. Èyí tó ń dé ọ̀pá tó ń yí ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀ kéré sí i. Ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò tún ṣe pàtàkì ju bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń sọ lọ. Èyí tó bá fúyẹ́, táyà rẹ̀ á máa yí lójú kan bí pílọ́ọ̀ alábẹ mẹ́ta bá wọ ilẹ̀ líle, pàápàá níbi tí kùkùté ṣì wà. Bí ó bá jẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì lẹ ti ń da dísẹ́ẹ̀lì, ẹ fi ẹ́ńjìnnì tó ń fi kọ̀ǹpútà mu epo sílẹ̀ fún àwọn tó ní epo mímọ́.

Ta wá ni olówó pọ́ọ́kú yẹ? Ó yẹ ẹni tí oko rẹ̀ kéré, tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tó jẹ́ pé ebè kíkọ àti ẹrù kíkó ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò burú rárá fún un. Ṣùgbọ́n owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ kì í ṣe owó aṣọ ẹbí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iye ohunkóhun tó bá ti òkè òkun wá. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ ra katakata ni kí ẹ ra kílọ́ọ̀ṣì kan, nọ́sù kan, àti fílítà tí yóò tó lò fún ọdún méjì, kí ẹ kó wọn pa mọ́ síbi tí kò gbomi.

Ní ti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń rà ju ẹyọ kan lọ, mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yín: alága fẹ́ pupa, akápò fẹ́ búlúù, ìyálọ́jà ní àwọ̀ ewé ló dára. Oríṣi kan ṣoṣo ni kí ẹ rà, ohun yòówù kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́, kí páàtì kan lè gba gbogbo wọn. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá páàtì yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.