Àbúrò Mi, Mú Mi Dé Ìsọ̀ Ẹlẹ́lùbọ́

Àbúrò mi àtàtà, sún mọ́ mi. WAEC ti dé tán, mo sì mọ̀ pé àròkọ ló ń bà ọ́ lẹ́rù jù. Jọ̀ọ́, má há ìfáàrà ẹlòmíì sórí. Òkìtì ìwé ló máa wà níwájú ẹni tó ń máàkì, ọ̀pọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Ohun tí ìwọ fojú ara rẹ rí ni kó o fún un.

Ká ní wọ́n ní kó o ṣàpèjúwe ọjà ìlú rẹ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ pé oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀, èrò sì máa ń pọ̀ gan-an. Kò sírọ́ níbẹ̀, àmọ́ ọjà wo ni kò rí bẹ́ẹ̀? Mú mi dé ìsọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Jẹ́ kí n rí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó ń bu èlùbọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ oníbàárà, kó lè wò ó bó ṣe kúnná tó. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn alábàárù lẹ́yìn mi: “Ẹ yàgò o!” Jẹ́ kí òórùn ẹja yíyan gba ibẹ̀ kan. O ò ní láti sọ fún mi mọ́ pé èrò pọ̀. Mo ti wà láàrin wọn.

Tó bá jẹ́ àròkọ alárìíyànjiyàn, ìdí méjì tó o là yéni, tó o fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò rẹ gbè lẹ́sẹ̀, lágbára ju mẹ́fà tó o kàn tò sílẹ̀.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, máàkì 50 ni wọ́n pín: 10 fún kókó, 10 fún ètò, 20 fún bó o ṣe lo èdè, 10 tó kù fún kí àṣìṣe má pọ̀. Ìlò èdè ló gba èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ ìyẹn ò ní ká máa wá ọ̀rọ̀ ńláńlá kiri o. Ó máa ń dùn mí bí ọmọ tó mọ nǹkan bá fi gírámà bo ohun tó mọ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó o mọ̀ dájú ni kó o lò.

Ní ti Yorùbá, àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1974 ni kó o tẹ̀ lé. “Ayé” ni, kì í ṣe “aiye”. “Wọ́n” ni, kì í ṣe “nwọ́n”. Bíbélì àtijọ́ tó wà nílé kún fún irú wọn, torí náà ṣọ́ra.

Má kọ̀wé títí aago á fi lù. Ṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ kù, kó o fi ka gbogbo rẹ̀, kó o máa mi ètè díẹ̀díẹ̀. Níbi tí èémí rẹ bá ti tán kí gbólóhùn tó parí, gé e sí méjì. Kọ ọ̀kan lónìí, kó o mú un wá bá mi lálẹ́. Màá kà á sókè, ìwọ náà á sì gbọ́ ibi tó ti ń kọsẹ̀.