Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Kò Ní Ẹgbẹ́ Òṣèlú

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àwọn obìnrin. Ibi kíkà: 1 Kọ́ríńtì 1:10–13

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a ti ń kọ́ bọ̀. A mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ òṣèlú nínú ìpàdé, àwọn kan á máa wo ilẹ̀, àwọn mìíràn á sì máa wo ojú ẹni tí wọ́n rò pé kò sí nínú ẹgbẹ́ tiwọn. Ẹ fọkàn balẹ̀. A kò wá sọ ẹni tí ẹ máa dìbò fún. Ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin wa ní Ayépé níbí ni ó mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí, ọwọ́ àwa gan-an kò sì mọ́ nínú rẹ̀.

Ní ọdún ìdìbò kan, àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ éèyi, àrùn tí ń mú ara ọmọ sú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ pẹ̀lú ibà. Ọkọ̀ tí ó ń kéde rẹ̀ káàkiri ìlú, àwòrán àwọn olóṣèlú ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyàwó kékeré kan nínú wa, tí ọkọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kejì, sọ nínú ìpàdé pé òun kò ní gbé ọmọ òun lọ gba abẹ́rẹ́ àwọn tí ń bú ọkọ òun. A rẹ́rìn-ín. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ní ó gbọ́n. Oṣù mẹ́ta kò pé tí éèyi fi wọ àdúgbò. Ara ọmọ náà gbóná, ojú rẹ̀ wú, àyà rẹ̀ ń ró, òru ni a gbé e dé ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ọ̀tún kò ríran dáadáa mọ́ títí di òní.

Nígbà tí a lọ kí wọn, ìyá àgbà kan bi í pé, “Ìyàwó, kí ló dé tí o kò gbé ọmọ yìí lọ nígbà náà?” Ó dáhùn pé, “Màmá, ṣebí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. Ẹ kò sọ pé kò dáa.” Kò sí ẹni tí ó lè fèsì nínú gbogbo wa.

Nínú ibi tí a kà, àwọn ará Kọ́ríńtì ti pín ara wọn sí abẹ́ orúkọ àwọn olórí, olúkúlùkù ń sọ ẹni tí òun jẹ́ tirẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn olórí náà burú. Orúkọ ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Ohun tí àwa náà ṣe nìyẹn: dípò kí a bèèrè ohun tí ó wà nínú abẹ́rẹ́, ẹni tí ó gbé e wá ni a bèèrè.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ nítorí èyí pé òṣèlú kò kan ìlera. Ó kàn án púpọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group bọ́ sí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1952, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí ó kàwé ní Wesley College wa ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu pé àwọn ọmọ yóò kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé ẹni tí kò tíì ju ọdún 18 lọ yóò gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọsibítù ìjọba. Owó rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n fi kún owó orí, inú sì bí àwọn ènìyàn. Ní ìdìbò àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ NCNC ni ó borí wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀pọ̀ sì gbà pé owó orí yẹn wà lára ohun tí ó fà á. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: àwọn tí ọmọ wọn fẹ́ jẹ àǹfààní náà wà lára àwọn tí ó dìbò lòdì sí i. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni wọ́n. Owó ni wọ́n rí, wọn kò tíì rí oògùn.

Ní 1979, ẹgbẹ́ UPN tún gbé ìwòsàn ọ̀fẹ́ dé, ó jẹ́ ọ̀kan nínú ètò mẹ́rin tí wọ́n fi polongo ìbò. Olóyè Bísí Ọnàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ni gómìnà wa ní Ògùn títí di ìparí 1983. Àwọn àgbà inú wa lè sọ ti èrò tí ń tò ní ọsibítù nígbà náà. Àwọn kan kùn pé èrò pọ̀ ju oògùn lọ, bóyá wọn kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn sójà gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, ìwòsàn ọ̀fẹ́ bá ìjọba náà lọ, owó káàdì àti owó oògùn padà dé. Aboyún tí ó sùn pẹ̀lú ìwòsàn ọ̀fẹ́ jí láìní nǹkan kan, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè.

Ẹlòmíràn tí ìran wa kò gbọdọ̀ gbàgbé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1927, dókítà àwọn ọmọdé. Minísítà ìlera ni láti 1985 dé 1992 lábẹ́ ìjọba sójà. Òun ni ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ wa létí pé ìwòsàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti káńsù àti abúlé, kì í ṣe láti ọsibítù ńlá, ó sì mú kí abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé tàn kálẹ̀. Ní 1990, ìjọba kéde pé iye ọmọ tí ó ń gba àjẹsára ti tó nǹkan bí 80 nínú 100. Lẹ́yìn tí ó kúrò ni wàhálà June 12 ti 1993 dé, ìjọba ń wó lé ara wọn, ta ni ó ráyè abẹ́rẹ́? Nígbà tí wọ́n fi ṣe ìwádìí ní 2003, nínú ọmọ 100 tí ó ti ju ọdún kan lọ ní Nàìjíríà, 13 péré ni ó ti gba gbogbo àjẹsára rẹ̀ pé.

Ọdún 2003 yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ Kánò ṣẹlẹ̀. Ìdìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ẹgbẹ́ PDP ti Ààrẹ Ọbásanjọ́, ọmọ ìpínlẹ̀ wa, ni ó wọlé ní Àbújá. Ẹgbẹ́ ANPP ni ó wọlé ní Kánò. Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń kó wá yóò sọ àwọn ọmọbìnrin di àgàn. Kánò dá a dúró fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá. A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé ìfura wọn ní ìdí: ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ yírùnyírùn, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan wò lára àwọn ọmọ ní Kánò níbẹ̀, ọmọ 11 kú nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà, ẹjọ́ sì tẹ̀lé e. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn á sá. Ṣùgbọ́n kòkòrò rọpárọsẹ̀ kò mọ ìtàn yẹn. Ó gba Nàìjíríà kọjá, ó sì ràn dé bí orílẹ̀-èdè 20. Àjẹsára tí ó wá láti Indonéṣíà ni Kánò padà gbà ní 2004. Ní 2005, rọpárọsẹ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ wa jáde dé Indonéṣíà náà. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé rọpárọsẹ̀ ti ìṣẹ̀dá ti tán ní Áfíríkà, iṣẹ́ náà sì gba àwọn ọba, àwọn àlùfáà àti àwọn ìyá tí ń lọ láti ilé dé ilé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ará Òkè Ọya ni wọ́n, tàbí pé àìmọ̀wé ni, kí ó wo Amẹ́ríkà. Àwọn olùwádìí wo àwọn olùdìbò ní Ohio àti Florida nígbà àrùn kòrónà, wọ́n ka iye tí ó kú ju bí ó ti yẹ lọ. Kí àjẹsára tó kárí, ìyàtọ̀ àárín ẹgbẹ́ méjèèjì kò tó nǹkan. Lẹ́yìn tí gbogbo àgbà ti lè gbà á ní 2021, àfikún ikú láàrin àwọn Republican fi 43 nínú 100 ju ti àwọn Democrat lọ. Ìwé wọn jáde ní 2023. Àwọn tí ó kàwé ni wọ́n o, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún wọn.

Nínú ìtàn ìjọ tiwa, ọ̀nà mìíràn wà. Ní 1957, Dókítà David Morley láti ọsibítù Wesley Guild wa ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n sì ń fi ìlà sí káàdì rẹ̀ bí ó ti ń dàgbà. Ohun tí a fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ìyá ni ó ń tọ́jú káàdì náà sínú ilé, kì í ṣe ọsibítù. Bí ìjọba bá yí padà, káàdì wà lọ́wọ́ ìyá. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé.

Kí ni a lè ṣe ní Ayépé? A rò pé bí olóṣèlú bá dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ìró àti ìyẹ̀fun, kí a gba ohun tí a bá fẹ́ gbà, kí a sì bi í ní ìbéèrè kan: nọ́ọ̀sì mélòó ni yóò wà ní ilé ìwòsàn wa, ṣé wọn yóò sì wà níbẹ̀ lóru? Òfin ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìwòsàn ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba PDP ni ó fọwọ́ sí òfin náà. Lábẹ́ APC ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi owó rẹ̀ sínú ìṣúná, ní 2018. Ẹgbẹ́ yòówù kí ó wà níbẹ̀, a lè bi káńsù wa ní Odògbolù pé èló ni ó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ni wọ́n sì fi ṣe.

Fún ìjíròrò: Ǹjẹ́ a ti kọ ohun rere kan rí nítorí ẹni tí ó gbé e wá? Bí arábìnrin kan bá tún sọ irú ọ̀rọ̀ tí ìyàwó wa sọ yẹn nínú ìpàdé, ta ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn, báwo ni yóò sì ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ẹni tí ń bá ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ jà?

Kí ìyá tàbí ìyá àgbà tí ó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nílé mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ti éèyi, oṣù mẹ́sàn-án ni àkọ́kọ́, oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìkejì. Ìyàwó wa tí a sọ ìtàn rẹ̀ ni yóò máa yẹ àwọn káàdì náà wò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó bèèrè fún iṣẹ́ náà.