Wáyà Rédíò Ọkọ̀: Èwo Ni Pósítífù, Èwo Ni Nẹ́gẹ́tífù?

Bí ẹ bá fa rédíò yọ nínú ọkọ̀ tókunbọ̀, wáyà tó máa tẹ̀ lé e jáde pọ̀ débi pé ó lè dẹ́rù bani. Ẹ fara balẹ̀. Tí a bá yọ ti áńtẹ́nà àti iná ojú rédíò sẹ́yìn, oríṣi mẹ́ta péré ni wọ́n: èyí tó ń gbé iná wá, èyí tó ń dá iná padà sí bátìrì, àtàwọn tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà.

Lára rédíò tí à ń rà lọ́jà, wáyà yẹ́lò ló ń gba iná lọ́dọ̀ bátìrì tọ̀sán-tòru. Òun ni kì í jẹ́ kí rédíò gbàgbé aago. Pupa kì í ríná àfi tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Dúdú ni ẹ́ẹ̀tì. Irin ara ọkọ̀ là ń so ó mọ́, torí pé nẹ́gẹ́tífù bátìrì ti wà lára bọ́dì. Pósítífù méjì nìyẹn, nẹ́gẹ́tífù kan.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọ̀ ara rédíò àti àwọ̀ ara ọkọ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá. Nínú ọkọ̀ Jámánì, búráùn ni ẹ́ẹ̀tì, pupa sì lè máa ríná lóru. Ẹni tó bá so pupa mọ́ pupa níbẹ̀ lè yọ kọ́kọ́rọ́ tán kí rédíò ṣì máa kọrin, kí bátìrì sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, búlúù tó ní ìlà yẹ́lò ló ti ọ̀dọ̀ bátìrì wá, eléérú ló ń tẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lára rédíò, sípíkà ọ̀tún iwájú ló ni eléérú. Ẹ so eléérú mọ́ eléérú, ẹ ti rọ́ iná bátìrì sẹ́nu ibi tí ohùn ń gbà jáde nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ mú mítà. Ẹ yí i sí fólítì DC 20. Ẹ fi ẹnu dúdú rẹ̀ kan irin tí kò ní ọ̀dà lára, kí ẹ fi pupa kan wáyà ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá mú nǹkan bí 12.6 kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ ni ẹnì kejì yẹ́lò. Èyí tó jẹ́ ìgbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni ti pupa. Bí mítà bá kọ àmì ìyọkúrò síwájú nọ́ńbà, ẹ ti gbé ẹnu méjèèjì fún ara wọn. Tẹ́sítà onígílóòbù táwọn ríwáyà ń lò kò burú, àmọ́ pé iná wà nìkan ló lè sọ, kì í sọ iye. Tí ẹ bá ti mọ̀ wọ́n tán, ẹ tú nẹ́gẹ́tífù bátìrì kí ẹ tó so ohunkóhun.

Ó ku sípíkà. Lára rédíò, funfun ni òsì iwájú, eléérú ọ̀tún iwájú, àwọ̀ ewé òsì ẹ̀yìn, elésè àlùkò ọ̀tún ẹ̀yìn. Méjì-méjì ni wọ́n, èyí tó bá ní ìlà dúdú ni nẹ́gẹ́tífù. Ṣùgbọ́n nẹ́gẹ́tífù yìí kì í ṣe ẹ́ẹ̀tì o! Nínú rédíò òde òní, wáyà sípíkà méjèèjì ló ní iná lára, bí ìdajì ti bátìrì. Ẹni tó bá so ọ̀kan mọ́ bọ́dì kí wáyà má baà tán lè jó rédíò náà.

Bí ìlà kò bá sí lára wáyà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ tú u kúrò lára rédíò. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, oní-fólítì 1.5, ẹ fi wáyà kan kan orí rẹ̀, ìkejì kan ìdí rẹ̀, kí ẹ sì tètè mú un kúrò. Ẹ wo páálí àárín sípíkà. Bí ó bá ta síta, wáyà tó kan orí bátìrì ni pósítífù. Bí ó bá wọlé, òdì-kejì ni. Wáyà wínníwínní kan wà tí wọ́n wé sídìí páálí yẹn, láàárín òòfà. Ibi tí iná bá gbà wọ inú rẹ̀ ló ń sọ bóyá òòfà yóò tì í síta tàbí fà á wọlé.

Sípíkà tí a so lódì kì í jó. Ohùn béèsì ló ń pàdánù: bí ti òsì ti ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni ti ọ̀tún ń fà á sẹ́yìn, wọ́n á sì pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́. Ẹ fi orin tí ìlù rẹ̀ wúwo sí i, kí ẹ jókòó sáàárín. Ẹ pa rédíò, ẹ yí wáyà sípíkà kan ṣoṣo padà, kí ẹ tún gbọ́ ọ. Bí béèsì bá kún sí i, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ dá a padà.