Àkísà Àgbà Lára Ògiri

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí lọ́wọ́ lè wọ ilé ọnà kan ní Lẹ́kí láàárọ̀, kí ó kó ogún àwòrán kí ọ̀sán tó pọ́n, kí gbogbo ògiri rẹ̀ sì kún. Kò burú, owó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè èyí tó rà nígbà tí kò tíì rówó ilé san, àti èyí tó rà lọ́dún tí ó bí àkọ́bí. Aṣọ pọ̀ níbẹ̀, àkísà ni kò sí.

Ẹ wo Ulli Beier. Ọdún 1950 ni ará Jámánì yìí wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn. Kò fara mọ́ ìgbé ayé inú ọgbà yunifásítì, ló bá kó lọ sí Ẹdẹ, lẹ́yìn náà Ìlobùú, kó tó tẹ̀dó sí Òṣogbo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ohun tó ń kó jọ ń tọ̀. Ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Lantoro, l'Ábẹ́òkúta, àwòrán tí wọ́n yà sì wọ inú ẹrù rẹ̀. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1962, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán bíi Twins Seven-Seven, Mùráínà Oyèlámì àti Jimoh Buraimoh náà dé. Nígbà tí Beier ṣí lọ sí Papua New Guinea, iṣẹ́ ayàwòrán Mathias Kauage, ẹni tó ti ṣe lébìrà ní Port Moresby, dara pọ̀ mọ́ wọn. Lọ́dún 1981 Beier dá ilé ọnà Iwalewahaus sílẹ̀ ní Bayreuth, ní Jámánì, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì wà. Ẹni tí kò rí ọkùnrin náà rí lè fi ojú tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lára ògiri.

Àga tuntun ló sábà ń ba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jẹ́. A kọ́lé tán, a ra àga, ẹni tó ń bá wa tún pálọ̀ ṣe ní àwòrán àtijọ́ yẹn kò bá ọ̀dà mu. Ó di gáréèjì. Ikán dé. Bí kò bá bá pálọ̀ mu, ẹ gbé e kọ́ sí yàrá, níbi tí oòrùn kò ti ní í pa á láwọ̀ dà.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ojú tí a fi ń wo nǹkan náà ń yí. Ẹni tó fẹ́ràn ère ìbejì lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún lè di pásítọ̀ ní àádọ́ta, kó má fẹ́ rí wọn mọ́. Kó má dáná sun wọ́n o! Kó fi wọ́n ta musíọ̀mù lọ́rẹ.

Ìwé kíkọ ni a kì í náání. Ben Enwonwu, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, ya obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń gbé Èkó lọ́dún 1971, ó pe àwòrán náà ní Christine. Ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹbí obìnrin náà ní Texas fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò sì mọ bí ayàwòrán náà ṣe lókìkí tó, àfi ìgbà tí wọ́n wá orúkọ tó wà lára àwòrán náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2019, ilé Sotheby's ní Lọ́ńdọ̀nù tà á ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ẹ mú bírò, ẹ kọ ọ́ sí pépà pélébé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi ẹ̀yìn férémù, kì í ṣe ara aṣọ àwòrán: ẹni tó yà á, ìlú, ọdún, iye owó. Ẹ wá fi ìlà kan kún un: “Ọdún tí mo pàdánù iṣẹ́.” Ìlà yẹn kò sí nínú rìsíìtì.

Ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ohun tó wu bàbá lè máà wu ọmọ. Yẹmisí Shyllon, ọmọ Nàìjíríà tó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n nígbà tó ṣì ń kàwé ní yunifásítì Ìbàdàn. Ojú rẹ̀ ló ṣe tí ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn fi di ti yunifásítì Pan-Atlantic, tí musíọ̀mù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ lọ́dún 2019. Ẹni tí kò ní tó bẹ́ẹ̀ lè pe àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú tọ́ka sí èyí tó fẹ́, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn férémù. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá tọ́ka sí ni kí ẹ tètè wá olówó rẹ̀.