AMAANAH NI IPÒ Ọ̀GÁ LẸ́NU IṢẸ́



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ipò ọ̀gá níbi iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí ojú ìwé yìí kọjá nítorí pé òun kò ní ọ́fíìsì. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí lébìrà mẹ́ta péré, ọ̀gá ni. Arábìnrin tó ń kọ́ ọmọ méjì ní iṣẹ́ ìránṣọ ní Ajah, ọ̀gá ni. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kò sí ẹni tí kì í ṣe darandaran nínú wa, Ọlọ́hun yóò sì bi oníkálukú nípa agbo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ẹ̀sìn wa ń wò kí ènìyàn tó di ọ̀gá? Nínú Súrà al-Qasas, ọmọbìnrin kan gba bàbá rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó gba Ànábì Músà síṣẹ́. Ohun méjì ló rí lára rẹ̀: ó lágbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. Ibn Taymiyyah, onímọ̀ tó kú ní ọdún 1328, sọ nínú ìwé rẹ̀ as-Siyaasah ash-Shar'iyyah pé òpó méjì tí ipò àṣẹ dúró lé nìyẹn: quwwah, ìyẹn agbára, àti amaanah, ìyẹn ìfọkàntán. Kì í ṣe agbára apá nìkan ló ń wí. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní agbára tirẹ̀: ti jagunjagun ni ìgboyà, ti adájọ́ ni ìmọ̀ òdodo. Ó tún sọ pé ó ṣọ̀wọ́n kí méjèèjì pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo.

Àwa Mùsùlùmí a máa gbàgbé òpó àkọ́kọ́ yẹn. Sàhábà pàtàkì ni Abu Dharr, olùfọkànsìn tí ayé kò jọ lójú. Síbẹ̀, nígbà tó béèrè fún ipò, Ànábì kò fún un. Ó sọ fún un pé agbára rẹ̀ kò ká a, amaanah sì ni. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀ o. Ìgbà mélòó ni a ti fi ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ṣe akápò ẹgbẹ́, tí kò sì lè kọ iye owó tó wọlé sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà wá sí àdúgbò wa. Láti Lekki dé Ajah, àárín ọ̀sà àti òkun ni a wà, irà tí wọ́n da iyanrìn sí sì ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀. Ilé tó bá máa ga níbẹ̀ nílò ìpìlẹ̀ tí ẹni tó mọṣẹ́ ṣírò. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹta, 2016, ilé alájà márùn-ún tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ikate, ní Lekki, wó lulẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ló kú. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣàlàyé pé àjà mẹ́ta ni ìwé àṣẹ gbà, wọ́n wá fi méjì lé e. Ìjọba ní àjọ LASBCA, tó ń bójú tó ilé kíkọ́, ti ti ibẹ̀ pa, àmọ́ wọ́n já èdìdì náà, iṣẹ́ sì ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́.

Ìdájọ́ wọn wà lọ́wọ́ adájọ́ àti Ọlọ́hun. Ohun tó kàn wá ni pé àjà kẹrin kì í hù lóru ọjọ́ kan bí olú. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń lọ níbikíbi, ẹnì kan ní láti sọ pé kí wọ́n gbé irin gòkè, ẹnì kan ní láti pín àwọn bíríkìlà síṣẹ́, ẹnì kan yóò sì rí èdìdì tí wọ́n já, yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí a bá bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìdáhùn rẹ̀ kò ní ju pé, "Ọ̀gá ló rán mi." Ìtẹríba fún ọ̀gá sì ní ibi tó pin sí: a kì í tẹ̀lé ẹ̀dá láti ṣẹ Ẹlẹ́dàá.

A mọ̀ pé ẹni tó bá kọ̀ lè pàdánù iṣẹ́, owó ilé ní Ajah kò sì ní dúró dè é. Ìdí nìyí tí a kò fi sọ pé kí fọ́ọ̀mán máa pariwo mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lójú ọjà. Kí ó kọ́kọ́ kó àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò níbi ewu. Kí ó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́, kí ó sì fi tó ẹnjiníà tó fọwọ́ sí àwòrán ilé létí. Bí wọn kò bá gbọ́, kí ó lọ bá àjọ tó ni àṣẹ. Ẹni tí kò bá mọ iye àpò sìmẹ́ńtì tó yẹ kó wọ iṣẹ́ kò lè ṣe ìkankan nínú èyí, bó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó. Ibẹ̀ ni quwwah ti wọ̀ ọ́.

Ẹ̀gúnjẹ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ di irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ànábì rán ọkùnrin kan lọ gba sàká. Nígbà tó dé, ó pín ẹrù sí méjì, ó ní apá kan ni ti ìlú, wọ́n fi èkejì ta òun lọ́rẹ. Ànábì gun orí mínbárì, ó sì béèrè bóyá ọrẹ náà ì bá dé ọwọ́ rẹ̀ ká ní ilé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ló jókòó sí. Ẹ fi wé fọ́ọ̀mán tí onítípà ń fún ní owó nígbà tí iyanrìn kò kún ọkọ̀. Ẹ fi wé arábìnrin tó ń pín àkókò iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ pé ẹni tó ń ra káàdì fóònù fún un nìkan ló ń rí ọjọ́ Sátidé gbà sinmi.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní àsàlátù yín lọ́jọ́ Àìkú. Àlàájì kan ń kọ́ ilé. Ó ní kí fọ́ọ̀mán, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, fi àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta ṣe iṣẹ́ àpò márùn-ún. Àlàájì yìí kan náà ló ṣèlérí òrùlé fún mọ́ṣáláṣí wa. Ta ni kí fọ́ọ̀mán kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀? Bí ó bá kọ̀, tí wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí ni ẹgbẹ́ jẹ ẹ́ ní gbèsè? Ṣé a ṣì lè gba òrùlé náà? Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa kí oṣù yìí tó parí.